Ẹni Tó Ya Ẹṣin Inú Òjò

"Ta ló ya àwọn àwòrán inú ìwé yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú gbé ìwé náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Ìwé ọ̀hún ti gbó. Èèpo rẹ̀ ti já, ojú ewé tó yẹ kó sọ ẹni tó kọ ọ́ sì ti ya dànù kí àwọn míṣọ́nnárì tó fi ta ilé-ìwé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́rẹ. Tíṣà náà fẹ́ràn ohun tó bá ta kókó. Ó ti yẹ ìwé náà wò títí, kò rí orúkọ kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ya àwọn àwòrán náà láyé Ọbabìnrin Victoria. Ó ní nígbà yẹn, orí pákó ni wọ́n ń yàwòrán sí, wọn á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, wọn á ta yíǹkì sí i, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ohun tó wà lápá òsì pákó á bọ́ sápá ọ̀tún bébà, nítorí náà òdìkejì ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ máa fi ọkàn rò.

Dúrósinmí kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Àwòrán kan ló gbà á lọ́kàn: bàbá kan tó ń fa ẹṣin rẹ̀ lọ sílé nínú òjò. Ó dà bíi pé èèyàn lè gbọ́ bí omi ṣe ń kán.

Ọdún 1955 ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà kò sì kárí àwọn ọmọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ń wá ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ àwòrán inú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ á ya àwòrán kan nípa ìlú rẹ̀, wọn á sì ṣe ìdájọ́ ní Ọ̀yọ́. Bàbá Dúrósinmí ti kú. Ìyá rẹ̀, Martha, ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó. Josiah, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti sọ ọ́ láìfi bò: bí wọn ò bá mú ọmọ náà ní Ọ̀yọ́, òun á mú un lọ sí ìdálẹ̀ kó lọ máa ta òwú àti bọ́tìnnì. Dúrósinmí kò kórìíra òwò. Àmọ́ láti ìgbà tó ti lè di èédú mú ló ti ń yàwòrán sára ògiri.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ya àwọn èèyàn Ọjà Igbó, gbogbo wọn dúró gbagidi bí òpó. Ó ya ewúrẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúyẹmí sì bi í bóyá àpótí ìjókòó ni.

"Ọ̀gá ayàwòrán," ni Olúyẹmí wí, ó ṣí ìwé síbi ẹṣin, "gbé bébà lé èyí, kí o tọ ìlà rẹ̀. Wọ agbádá fún òyìnbó yẹn, dé e ní fìlà, ó di ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn."

"Bí ẹnì kan bá mọ ìwé náà ńkọ́?"

"Ìwé tí kò lórúkọ? Tíṣà fúnra rẹ̀ ò mọ ẹni tó yà á. Àbí òkú òyìnbó ló máa wọkọ̀ ojú omi wá mú ọ ní Ọ̀yọ́?"

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó rántí Jọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé ojú ewé náà lé gíláàsì fèrèsé kíláàsì, ó fi bébà bò ó, oòrùn sì tan ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá da ohun tó wà lójú pátákó kọ láìfo nǹkan kan ló mọ̀wé. Ẹni tó bá fo àmì kan, ẹgba ni. Ó yí ẹ̀wù padà, ó yí fìlà padà, ó fi ilé onípáànù sípò ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ẹṣin náà. Ìyókù, ó tọ̀ ọ́ bó ṣe wà, kò fo ìlà kan. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i, ó gbé àwòrán náà káàkiri àdúgbò. Ó ní kí Josiah máa nìkan lọ sí Jọ́ọ̀sì rẹ̀. Látìgbà yẹn, kò sí bí Dúrósinmí ṣe lè padà sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú ló kó Dúrósinmí àti Dorcas, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́. Dúrósinmí ká àwòrán rẹ̀ mọ́ra títí wọ́n fi débẹ̀, kí tíṣà má bàa rí i. Mísìs Akínwálé, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ni ní àwòrán yíyà, ni adájọ́. Wọ́n kan àwọn àwòrán mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, èrò sì ṣù bo iwájú ẹṣin inú òjò. Ti Dorcas kò fa èrò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dúró de lọ́rì ló yà. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé wọ́, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn bọ́ bàtà, ó ń yọjú wo inú rẹ̀ bí ẹni tí òkúta ń dà láàmú.

Dorcas ni wọ́n mú.

Inú bí Dúrósinmí débi pé ó gbàgbé ohun tó ṣe. Ó tọ Mísìs Akínwálé lọ níbi tóun àti Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣe tèmi? Bẹ́ǹṣì Dorcas wọ́."

Obìnrin náà kò bínú. Ó béèrè ẹni tó ya ẹṣin náà.

"Èmi ni, mà."

Ó tún bi í. Dúrósinmí tún dáhùn bákan náà.

Mísìs Akínwálé wá sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edwin Tarrant fún un. Ọmọ aránṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́pákó tó ń gbẹ́ àwòrán ìwé nígbà tó ṣì kéré, nígbà tó sì dàgbà, òun ló ya àwòrán sínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń kà. Orúkọ òǹkọ̀wé á wà lójú ìwé, ti ilé ìtẹ̀wé á wà níbẹ̀, tirẹ̀ kì í sí. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ìlà tín-ín-rín tó ń gbẹ́ sára pákó ba ojú rẹ̀ jẹ́, wọ́n gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ó sì kú láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀.

"Wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ náà tún gbà á. Bẹ́ǹṣì tó wọ́, a lè kọ́ Dorcas bó ṣe máa tọ́. Àmọ́ ojú ara rẹ̀ ló fi rí obìnrin tó bọ́ bàtà yẹn. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn gba ìyìn kò ní mọ ohun tí ojú tirẹ̀ lè rí láéláé."

Dúrósinmí tẹrí ba. Jọ́ọ̀sì ti di dandan, ó sì ku bó ṣe máa ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀.

Mísìs Akínwálé yọ àwòrán náà lára ògiri, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó wo inú koríko.

Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú náà tẹ̀ síwájú. Nídìí pátákò ẹ̀yìn ẹṣin, láàárín koríko tí Dúrósinmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfo ìkankan, lẹ́tà E àti T wé mọ́ra wọn, dúdú, ó hàn ketekete, lókè ibi tí Dúrósinmí kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.