Òwú Pupa Ọwọ́ Ọlájíre

Ọjọ́ tí Hameedat kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì Ọlájíre ní Al Baraha, ní Dùbáì, sàmósà kún ẹnu ọkùnrin náà débi pé "ẹ káàbọ̀" tó yẹ kó sọ há sí i lọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ gbé e mì ná, bọ̀dá," ni ọmọbìnrin náà wí, lédè Yorùbá tó já gaara. "Òkè la fẹ́ lọ. Òkè ò ní sá."

Ó ti ka orúkọ rẹ̀ lára káàdì tó gbé kọ́rùn: Ọlájíre Mùráínà. Ọlájíre gbé sàmósà mì. Ìfẹ́ ti wọlé. Mi ò ní í parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ tó ń rọra kan ilẹ̀kùn. Èyí já ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó.

Ìyá arúgbó ará Íńdíà kan tẹ̀lé Hameedat wọlé, aṣọ funfun lára, ọ̀pá lọ́wọ́. Màmá Kámálà lorúkọ rẹ̀. Hameedat ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé ní Ṣájà, ìlú tó múlé ti Dùbáì, torí ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí wà ní Kánádà. Ọkọ Màmá ti ṣèlérí nígbà ayé rẹ̀ pé òun yóò fi mọ́tò gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì mẹ́rin mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, lókè réré lórí àwọn òkè Himaláyà. Ikú ò jẹ́ kó mú un ṣẹ. Màmá ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ń lọ dandan, ní ìparí Sẹ́tẹ́ńbà, tí òjò ọ̀hún bá ti dá, kí yìnyín tó dí ọ̀nà.

"Ẹ má fi hẹlikópítà lọ̀ mí o," ni Màmá wí lédè òyìnbó. "Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ọkọ mi ṣèlérí."

Oṣù kejì Ọlájíre nìyẹn nídìí iṣẹ́ títo ìrìn-àjò òkè fún àwọn ará Íńdíà. Gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ ló mọ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Òkè kan ṣoṣo tóun fúnra rẹ̀ gùn rí ni Olúmọ, ẹ̀rọ agbénisókè ló sì gbé e gùn ún.

Ó fẹ́ kí Hameedat mọ̀ pé ọ̀gá lòun. Ó tẹ́ àwòrán ọ̀nà sórí tábìlì, ó wú ikọ́. "Badrinath la máa kọ́kọ́ lọ. Òun ló lókìkí jù. Àgbà là á kọ́kọ́ kí."

Màmá wo ìwé náà, ó wo Ọlájíre, ó wá yí ìwé náà po lórí tábìlì.

"Ọmọ mi, ìwọ̀-oòrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa bọ̀ ní ìlà-oòrùn. Yamunotri, Gangotri, Kedarnath. Badrinath la fi ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, níbo ló fẹ́ parí sí?"

Hameedat rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ọlájíre wo ẹ̀rín yẹn, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ọ̀nà ṣíṣì ló ń mú un jáde, òun ti di aṣìnà títí ayé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Ọlájíre á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣájà, fáìlì lábẹ́ abíyá. Ohun tó wà nínú fáìlì náà ṣeé fi WhatsApp ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Wọ́n á tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Màmá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa jiyàn. Súwẹ́tà mélòó? Irú atẹ́gùn inú agolo tí èèyàn ń fà símú níbi gíga, ṣé wọ́n á rí i rà lọ́nà? Inú Màmá á máa dùn bí ọmọ tó fẹ́ lọ sọ́dún.

"Láti Gaurikund dé Kedarnath, mọ́tò ò dé ibẹ̀," ni Ọlájíre ń ṣàlàyé. "Ẹṣin ni, tàbí kí ọkùnrin mẹ́rin gbé èèyàn sórí àga."

"Àga ni ti Màmá," ni Hameedat wí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Màá fẹsẹ̀ rìn. Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ pọ̀n mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ gun Olúmọ?"

"Bó o bá ti lè di ọrùn mi mú dáadáa."

Hameedat kọjú sí ẹrù. Ó kàn ń ka súwẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pẹ́ tí "bọ̀dá" fi di "Jíre", tí "ẹ" sì di "o". Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́nu ọ̀nà, Ọlájíre tú ọkàn rẹ̀ jáde.

"Hameedat, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Dùbáì nítorí ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo?" Ó wolẹ̀. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, olówó orí mi. Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ Mọ́mì mi."

Alhaja Sìlífátù, ìyá Hameedat ní Ìlọrin, pe fídíò lọ́jọ́ kejì.

"Hameedat, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ bọ òrìṣà lórí òkè."

"Rárá, Mọ́mì. Màmá ló ń lọ ṣe ẹ̀sìn tiẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí. Màá bá wọn di bàtà mú."

"Bàtà. Mo rán ọmọ lọ sí Dùbáì, ó di adibàtàmú." Alhaja mí kanlẹ̀. "Ó dáa, arúgbó ni, a kì í já arúgbó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tiwa kì í dá rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ ni yóò bá ẹ lọ, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin, tàbí ọkọ ẹ. Bàbá ẹ ti lọ, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Mi ò sì bí ọkùnrin, àbúrò bàbá ẹ ò sì lè rìn jìnnà mọ́."

"Ó wá ku ọkọ," ni Hameedat wí wẹ́lẹ́.

"Ọkọ dà?"

Hameedat sọ̀rọ̀ Jíre títí. Alhaja gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ẹbí rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, Mọ́mì. Òun nìkan ni wọ́n bí."

"Ta ni yóò wá tọrọ ẹ lọ́wọ́ mi? Kọ̀ǹpútà? Kó lọ wá ẹbí wá. A kì í mú ìyàwó lórí káńtà bí ẹni mú bisikíìtì."

Bó ṣe di wàhálà nìyẹn. Láìsí ẹbí, kò sí ìyàwó. Láìsí ọkọ, Hameedat ò lọ. Láìsí Hameedat, ta ni yóò gbé Màmá dìde láàárọ̀, ta ni yóò fi ọwọ́ ra orúnkún náà? Ìlérí ọkọ Màmá yóò tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, Ọlájíre mú físà Íńdíà tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún òun àti Hameedat wá. Ó bá àwo kan níwájú Màmá: àtùpà kékeré, ìrẹsì díẹ̀, àdídùn, àti òwú pupa tó ní ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà láàárín. Hameedat wà nílẹ̀, ó ń fi àbóníkì pa orúnkún Màmá.

"Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ," ni Màmá wí fún Ọlájíre.

"Ẹ má dìde, Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín so ó," ni Hameedat sáré wí. Òwú náà wù ú. Ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ Jíre, ṣùgbọ́n àbóníkì ti jẹ́ kí ìka rẹ̀ máa yọ̀. Òwú bọ́. Ó tún wé e. Ó tún bọ́.

"Khalas, ó tó, fún mi," ni Màmá wí. Ó ta kókó rẹ̀ le dan-in, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ lédè rẹ̀, ó fi àdídùn sí Ọlájíre lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ọ̀kankan. Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò.

Ọlájíre fi òwú yẹn ṣe fáàrí dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀, ará Íńdíà, rí i.

"Ta ló fún ẹ?"

"Ìyàwó mi lọ́la ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lónìí ni àwa ń so irú òwú yìí. Arábìnrin ló ń so ó mọ́ arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Kú oríire, o ti ní àbúrò obìnrin."

Sàmósà tó wà lọ́wọ́ Ọlájíre jábọ́.

Ó pe Hameedat. Hameedat gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. "Jíre, o ti wá di ẹ̀gbọ́n mi báyìí?"

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, sọ fún Alhaja pé ẹ̀gbọ́n ti wà tó máa bá ẹ lọ."

Hameedat sọ ọ́. Alhaja fèsì lójú ẹsẹ̀. "Òwú? Òwú ló gbé oyún ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Ẹ wo ayé Ọlájíre. Ní Ṣájà tó ti fẹ́ jẹ́ ọkọ, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Ní Ìlọrin tó ti fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àlejò ni. Kò sì lè já òwú náà, torí ẹ̀bùn àgbàlagbà ni, kò fẹ́ kí Màmá sunkún. Jímọ̀ méjì kọjá, kò dé Ṣájà. WhatsApp ló wá ń lò lóòótọ́. Hameedat ń dá a lóhùn pé "ó dáa" àti "a ti rí i", bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní Jímọ̀ kẹta, àwọn òtẹ́ẹ̀lì orí òkè ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀ tàbí wọn ò bọ̀, èsì ò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọlájíre wọ bọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n Hameedat. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gba òwú yín, ká fagi lé ìrìn-àjò náà."

Hameedat ti ń nu ojú lẹ́yìn àga.

Màmá wò wọ́n bí ẹni ń wo ewúrẹ́ méjì tó sọnù. "Ta ló ta kókó òwú yẹn?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta ló gbàdúrà sí i? Ta ló fi àdídùn sí ẹ lẹ́nu?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ló wá kan Hameedat níbẹ̀?" Ohùn Màmá rọ̀. "Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, mi ò rí ọwọ́ tí màá so òwú mọ́. Ìwọ lo wá bá mi jiyàn súwẹ́tà bó ṣe máa ń bá mi jiyàn. Àbúrò èmi ni ẹ́, òmùgọ̀ ọmọ."

Ọlájíre wo òwú ọwọ́ rẹ̀. Hameedat ló kọ́kọ́ gbérí, ojú rẹ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń bọ̀.

"Jíre," ó wí, "o ti ní ẹbí."

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Alhaja fi yọ lójú fóònù. Ọlájíre dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá jókòó bí ọba. Hameedat da ìborùn bo ojú bí ìyàwó tí kò gbọdọ̀ fọhùn, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Ọlájíre tó dojú bolẹ̀, òun nìkan ló gbọ́ èdè àwọn ìyá méjèèjì dáadáa, òun náà ló ní láti ṣe ògbufọ̀ ìtọrọ ara rẹ̀.

"Sọ fún un," ni Màmá wí lédè òyìnbó, "pé àbúrò mi ń wá ìyàwó. Kò mọ ìlà-oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ́."

"Mọ́mì, Màmá ní àbúrò òun ń wá ìyàwó. Ọlọ́gbọ́n ni, ó sì rẹwà."

"Èmi náà gbọ́ òyìnbó díẹ̀," ni Alhaja wí. "Ẹwà ò sí nínú ohun tó sọ. Sọ fún un pé ọmọ mi lágídí."

"Màmá, ó ní oníwà pẹ̀lẹ́ lọmọ òun."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá ẹ gbé," ni Màmá wí. "Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Alhaja sún mọ́ fóònù. "Bí àbúrò rẹ̀ bá fìyà jẹ ọmọ mi ńkọ́?"

Hameedat tú èyí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó gbé e lé ẹ̀yìn Ọlájíre tó wà nílẹ̀. Kò nílò ògbufọ̀. Ẹ̀rín bú jáde láti Ìlọrin.

"Mo ti rí ẹbí," ni Alhaja wí. "Ẹ jẹ́ ká so yìgì."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn àfáà so yìgì ní Ìlọrin, àbúrò bàbá Hameedat dúró bí aláṣẹ rẹ̀, tọkọtìyàwó ń wò ó lórí fóònù ní Ṣájà. Màmá sunkún, ó sì jẹ àdídùn tí dókítà ní kó má jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tún tẹ́ ìwé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọlájíre ń kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìbátan, ó kọ ọ́ pé Màmá ni ẹ̀gbọ́n òun, Hameedat ni ìyàwó òun. Òwú pupa náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Hameedat," ni Màmá pè é, "lọ́dọ̀ yín, kí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ jẹ́ sí ìyàwó?"

"Ọkọ ni, Màmá. Gbogbo ará ilé ọkọ, ọkọ ni wọ́n."

"O wá ní ọkọ méjì. Ta ni yóò di bàtà mi mú lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì?"

Hameedat fi ejìká rẹ̀ ti Ọlájíre. "Ọkọ tó kéré ni."

"Mo gbà," ni Ọlájíre wí, "ṣùgbọ́n ìwọ náà máa di ọwọ́ mi mú. Òkè ga."

Màmá ti yí àwòrán ọ̀nà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ìka lé Yamunotri.

"Yalla, ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí. "Ìwọ̀-oòrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀."