Ewé Kò Tíì Dé

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bá Láwàl, awakọ̀ lọ́rì, ní Igbó-Ọrà. Ó ṣojú rẹ̀. Bó bá wù ú kó sọ̀rọ̀, á sọ, ṣùgbọ́n kì í sábà wù ú.

Ọdún 1988 ni, nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà Ẹ̀rúwà sí Igbó-Ọrà ṣe. Wọ́n ti hú ìdajì ọ̀nà, ìdajì tó kù kò gba ọkọ̀ méjì. Agbaṣẹ́ṣe ò pe ọlọ́pàá. Ó fi àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dàda sí ìhà Ẹ̀rúwà, ó fi arúgbó kan, Bàbá Fákọ̀yà, sí ìhà Igbó-Ọrà, ó fún wọn ní ọ̀pá ọparun tí wọn yóò máa fi dínà. Ọ̀kan ò lè rí èkejì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn ni wọ́n ń fún ní ẹ̀ka dóńgóyárò kan. Bí ewé yẹn kò bá tíì dé òdìkejì, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn èrò á máa yọ ṣùtì sí Dàda: ta ló fi ọ́ jẹ ọlọ́pàá? Dàda ò ní wo ojú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú, kùrukùru bo gbogbo igbó. Àkíbù gbé ìyàwó rẹ̀, Sàrátù, sínú píjò tó fi ń kó ẹ̀gẹ́. Sàrátù ti ń rọbí láti àná. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àdúrà. Nọ́ọ̀sì ní Igbó-Ọrà ti fọwọ́ yẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní ìbejì ni. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n ń sáré lọ tí Dàda fi ọparun dí wọn lọ́nà.

"Bọ̀dá Dàda, ẹ jọ̀ọ́! Ìyàwó mi ń kú lọ!"

"Mo rí i. Àwọn tọ̀hún ń bọ̀. Jẹ́ kí ewé dé."

Àwọn tọ̀hún ń yọ látinú kùrukùru, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Lọ́rì Láwàl ló kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ewé dà?" Dàda bi í.

"Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni Bàbá Fákọ̀yà fún."

Wọ́n dúró. Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ náà. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ ṣáá, kò dé. Ẹyẹ kan ò ké. Láwàl fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Kí lẹ tún ń retí?" Àkíbù pariwo.

"Ẹnìkan ṣì wà lójú ọ̀nà." Ohùn Dàda ti yí padà. "Má wọbẹ̀."

Sàrátù fi igbe ta. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Àkíbù ti ọparun dànù, ó wọlé.

Ìró náà ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ó tẹ fèrè, kò sí ìdáhùn. Ó rọra fà sẹ́bàá kòtò. Ìró náà kọjá lára wọn, eruku dìde, atẹ́gùn fẹ́ wọn lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀. Sàrátù tó ti ń ké láti àná dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ikùn mi fúyẹ́," ó ní.

Bàbá Fákọ̀yà ti na ọwọ́ síta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ewé dà?"

"Bàbá, mi ò gba ewé. Ẹ jẹ́ n kọjá!"

"A jẹ́ pé ìwọ kọ́ lo kẹ́yìn. Ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. O ò gbọ́ ni?"

Àkíbù gbọ́. Ìró ọkọ̀ náà ti yí padà, ó ń tẹ̀lé wọn. Ẹkún ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó wa ọkọ̀ sá kọjá lára bàbá, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin kan ni Sàrátù bí. Wọ́n dúró de èkejì títí. Wọ́n pe dókítà, ó yẹ ikùn náà wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún, ó ń búra pé orí méjì ni ọwọ́ òun bà.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àlùfáà pe ọmọ náà ní Àmínà. Sàrátù ní Táyé ni òun ń pè é. Táyé ló ṣáájú, Kẹ́hìndé ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn.

Wọ́n parí ọ̀nà. Agbaṣẹ́ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, Dàda padà sóko. Bàbá Fákọ̀yà nìkan ni kò kúrò. Ó ṣì dúró sójú kan náà pẹ̀lú ọparun rẹ̀, ó ń bi gbogbo ọkọ̀ pé ewé dà. Àwọn awakọ̀ ń bú u. Sàrátù ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un láràárọ̀.

Àkíbù bẹ ìyàwó rẹ̀ títí. "Jẹ́ kí bàbá arúgbó lọ sinmi nílé. Ó tó gẹ́ẹ́."

Sàrátù pọn Táyé, ó so ọ̀já dáadáa, ó gbé abọ́.

"Bí bàbá bá lọ," ó ní, "ta ni yóò gba ewé lọ́wọ́ ọmọ mi?"