Poro Tí Samsudeen Kò Kọ Tán

Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi di orí ọkùnrin náà mú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ohun tí etí mi gbọ́ kò ní torí ẹ̀ yí padà.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan ní Ṣakí. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n gbé Àdìgún wá, àgbẹ̀ oníṣu láti Òfìkì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bì. Dókítà Ọlátúnjí béèrè oògùn tó máa ń lò. Àwáwù, ìyàwó rẹ̀, ní hóró oògùn ara ríro ni, pé láìjẹun ni ọkọ òun ń gbé e mì lásìkò ebè kíkọ.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun a máa lọ hóró náà kúnná, a pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu fún àwọn alágbàṣe rẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn, Samsudeen, ọmọ Ìlerò, di ikùn mú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó. Àdìgún ní kó kọ́kọ́ kọ poro ebè tó bẹ̀rẹ̀ tán. Orí ebè ló bi ẹ̀jẹ̀ kú sí.

Àdìgún gbọ́. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létè, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀lẹ ni," ó ní. "Kò tilẹ̀ kọ ọ́ tán."

A fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. A fín oògùn sí i lọ́fun kí ọ̀fun àti ahọ́n rẹ̀ má baà mọ ìrora. A tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo ki òrùka oníke sáàárín eyín rẹ̀, Dókítà sì ti rọ́bà gígùn olójú kámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé. A rí i lójú tẹlifíṣàn: egbò jíjìn kan tí oògùn náà dá sí ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà láti inú iṣan rẹ̀. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́ láti inú rọ́bà náà, ó sì fi irin kékeré há iṣan náà pa. Ẹ̀jẹ̀ dá.

Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn kan láti inú ikùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n jókòó."

Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni. Jẹ́jẹ́. Rọ́bà sì wà lọ́fun Àdìgún, ahọ́n rẹ̀ ti kú. Dókítà pa ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹnu rẹ̀, bóyá òun ló ń dún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Àwáwù bú sẹ́kún, ó ń pe Samsudeen.

Lọ́jọ́ kejì, Àdìgún fẹ́ jókòó jẹun. Bí ìdí rẹ̀ ti kan ibùsùn ni ẹ̀jẹ̀ gba ẹnu àti imú jáde. A gbé e dìde, ẹ̀jẹ̀ dá. Dókítà tún wo inú rẹ̀. Irin wà níbi tí a há a sí, egbò ń jinná. Ó lè dúró. Ó lè dùbúlẹ̀. Jíjókòó nìkan ni kò ṣe é ṣe. Dókítà kò rí àìsàn kan wò mọ́, ó dá a padà sílé.

Láìpẹ́ yìí mo gba Òfìkì kọjá. Àdìgún wà lóko nínú òòrùn, ó ti gbẹ, ó ń kọ ebè ní poro tí Samsudeen kú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló rò pé bí òun bá kọ ọ́ tán, òun á lè jókòó. Àwáwù ní ó ti kọ ọ́ tán láìmọye ìgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ebè ìkẹyìn á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sì sí ẹni tó wá síbẹ̀ lóru.

Ó rí mi, ó fara ti ọkọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó jẹ́ n jókòó."

Ẹnu rẹ̀ ti pa dé nígbà tí ìdáhùn ti inú rẹ̀ wá, jẹ́jẹ́.

"Kọ poro náà tán ná."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ọ́ lọ. N kò bá a bẹ ẹnikẹ́ni.