Ìmọ́lẹ̀ Tí Kì í Dúró Dèèyàn

Òjò bá ọkùnrin kan wọlé. Omi ń kán lára kóòtù rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Iwájú tábìlì obìnrin tí gbogbo ibiṣẹ́ ń pè ní Ẹ̀rí-Dà ló dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi òkú ránṣẹ́ sí mi?"

"Òkú wo, sà?"

Awòràwọ̀ ni ọkùnrin náà, òun ló ń tọ́jú awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lórí òkè. Ẹ̀rí-Dà ló kọ ètò kọ̀ǹpútà inú sátẹ́láìtì kan tó ń ṣọ́ òfuurufú. Bí ìràwọ̀ ńlá bá kú lọ́nà jíjìn, ìtànṣán gáńmà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí, á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, á sì pòórá, á wá ku ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí kì í pẹ́ kú. Ètò náà gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sọ ibi tí awò yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀rí-Dà kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ àfi tó bá ti yẹ gbogbo ẹ̀rí wò.

"Kó tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìmọ́lẹ̀ náà ti kú, ẹ̀pa ò bóró mọ́," Awòràwọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ìwọ̀nba tó mọ̀, kó máa tún un ṣe bó bá ṣe ń mọ̀ sí i."

"Tó bá ṣìnà ńkọ́?"

"Màá yí awò lásán. Ọrùn mi ò ní kán."

Ẹ̀rí-Dà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ rín in.

Wọ́n jọ tún ètò náà kọ. Nígbà tó yá, Awòràwọ̀ ń wá láìsí iṣẹ́.

"Ẹjọ́ wo lo tún gbé wá lónìí?"

"Kò sí. Mo wá wò ó bóyá o ti jẹun, olólùfẹ́."

Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Káfíńtà ni bàbá obìnrin náà, wọn kì í gé pákó tí wọn ò wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. "A ò mọ ilé tó ti wá," ni wọ́n wí. "Ọ̀sán ló ń sùn bí àdán. Ẹ dúró ọdún méjì ná, ká wádìí."

Ẹ̀rí-Dà gbà láti dúró.

"Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí òkè mìíràn, ní òkè òkun," Awòràwọ̀ wí. "Ìparí oṣù yìí ni mò ń lọ. Tó o bá ní o ò fẹ́, màá gbà. 'Dúró' ni mi ò mọ bí màá ṣe gbé dání lọ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òfuurufú kọ mànà. Ètò tuntun náà sọ ìwọ̀nba tó mọ̀: apá àríwá, kò tíì dájú. Awòràwọ̀ yí awò síbẹ̀. Àtúnṣe dé, ó sún un díẹ̀, ó sì bá ìmọ́lẹ̀ náà níbi tó ti ń kú lọ.

"A rí i," ló sọ lórí fóònù. Kò béèrè nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ̀rí pé, Ẹ̀rí-Dà kà á tán. Kò sí èyí tó kù, àfi ìmọ́lẹ̀ tó ti lọ. Ó mú àpò rẹ̀, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, mo mọ̀ pé kì í purọ́. Mo mọ̀ pé tó bá ṣẹ̀ mí, ó máa ń bẹ̀ mí. Ìyókù, mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Ìyókù ló ń pani lẹ́kún, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo bá ń mọ̀ ọ́n."

Bàbá gbọn ìdọ̀tí pákó kúrò lára aṣọ wọn. "Sọ fún un kó wá kí mi kó tó lọ."

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Ẹ̀rí-Dà ti pe Awòràwọ̀ lórí fóònù. Ojú oorun ló bá a.

"Mo gbà," ló wí.

Ó tẹ fóònù mọ́ etí.

"Àbí o ti sùn padà ni?"

"Rárá. Mò ń wá bàtà mi."