Alùpùpù Tí Kò Rú Èéfín

Ọjọ́ tí ìròyìn ìjàǹbá dé, aránṣọ náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, ó sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ̀mí ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, kò ju tín-ín-rín lọ mọ́.

"Ó gbá mi kọjá," Káfíńtà ní. "Mi ò gbóòórùn èéfín kankan."

Ó pajú dé, ó kú.

Ìjì, ọmọ ẹgbẹ́ eléré alùpùpù bíi tirẹ̀, ló gbá a lórí pápá eré. Ó sunkún níbi ìsìnkú. "Káfíńtà ló ya síwájú mi. Bíréèkì mi sì já. Nǹkan àtijọ́ ni." Ẹgbẹ́ gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe òkú ní aláìbìkítà, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún aránṣọ lọ́kàn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹgbẹ́ ti gba alùpùpù tuntun wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni eré tiwọn. Ti àtijọ́, ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróò wọn. Wọn a máa rú èéfín bí ààrò tí igi rẹ̀ tutù; ti tuntun kì í rú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì kú, àwọn tó kù a tò sórí pápá, wọn a tan tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú eré, èéfín ẹlòmíràn a máa bo Ìjì. Lọ́jọ́ ìrántí Káfíńtà, kò sí ohun tí yóò bò ó.

"Tèmi ò fẹ́ jí lónìí, Màmá," Ìjì ní fún aránṣọ. "Ó ti darúgbó."

"Arúgbó tó lè pa ọkọ mi, kò lè wúkọ́?"

Alága ẹgbẹ́ ṣẹ́jú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkùnrin méjì ti alùpùpù náà síwájú. Ó tan, kò rú èéfín. Ẹnu páìpù rẹ̀ mọ́ bí ẹnu ọmọ tuntun.

Ìjì fò gùn ún, ó kọrí sí géètì. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dí i. Ó ṣẹ́rí padà, ó kù díẹ̀ kó tẹ Alága mọ́lẹ̀, ó kó sínú ẹrẹ̀. Taya ń yí lásán. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n tú alùpùpù: ara àtijọ́, ẹ̀ńjìnnì tuntun.

"Eré àwọn tuntun wà," Alága ní. "Kí ló dé tí o ò lọ síbẹ̀?"

"Ẹ tú apá mi sílẹ̀ ná."

"Dáhùn!"

"Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn níbẹ̀."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Kò já. Mi ò tẹ̀ ẹ́ ni. Káfíńtà fẹ́ gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó ya síwájú rẹ?"

Ìjì wo ilẹ̀. "Rárá o."

Ọlọ́pàá tí Alága ti pè fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Alága ṣí fìlà. "Ìyá, a ti fẹnu ba olóògbé jẹ́. Ẹ foríjì wá."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Ó lọ bá alùpùpù ọkọ rẹ̀ níparí ìlà, èyí tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ṣì wọ́ láti ọjọ́ ìjàǹbá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn. Ó fi ìdérí wọn ọ́ìlì bí Káfíńtà ti máa ń ṣe, ó pò ó mọ́ bẹntiróò, ó tàn án. Alùpùpù náà wúkọ́, ó rú èéfín. Aránṣọ dúró tì í nínú èéfín náà títí epo fi tán.