Mẹ́ta La Wọ Àárín Aṣọ

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú débi pé kọnkéré ń jó wa lẹ́sẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àbúrò wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Tata là ń pè é, torí kì í rìn, ńṣe ló máa ń fò. Bàbá wa ti kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan, ibẹ̀ ló sì wà tí àìsàn fi mú un lọ. Lẹ́yìn tí a sin ín, obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ náà, Màmá Alágbàfọ̀, ní ká ṣì máa sùn sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó àpò aṣọ ìdọ̀tí sí. À ń bá a pọnmi, à ń bá a ká aṣọ. Aṣọ tí àwọn oníbàárà gbàgbé là ń wọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan tó dé orúnkún mi ni mo fi ṣe kaba. Àpò méjì ló wà lára ti Tata, búrẹ́dì gbígbẹ ló sì máa ń kó sínú wọn.

Àwọn ẹbí ò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé láti wá pín wa. Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn, pín. Bọ̀ọ̀dá á lọ kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. Èmi á lọ bá àbúrò ìyá wa ní ìlú mìíràn. Tata á lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí.

"Ṣé ẹ ó máa wá wò mí?" Tata bi wá.

Aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá tún ń ká.

Sátidé dé. Òtẹ́ẹ̀lì kan ti kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú, a sì ti sá wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Okùn méjìlá ló wà níbẹ̀, láti ẹ̀yìn ilé títí dé ìdí ògiri. Mo mọ̀ dájú, torí èmi ni mo máa ń nù wọ́n. Ní nǹkan bí aago méjì, fèrè ọkọ̀ ńlá kan dún níwájú ilé. Tata wojú mi, ó wojú Bọ̀ọ̀dá, ló bá fò wọ àárín aṣọ.

"Tata! Jáde síbí!"

Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan la gbọ́.

A tẹ̀lé e. Mo gbé aṣọ kìíní sókè, mo kọjá. Mo gbé ìkejì. Mò ń kà á. Nígbà tí mo ka méjìlá, mo nawọ́ síwájú kí n má baà forí sọ ògiri. Aṣọ ni ọwọ́ mi bà.

"Bọ̀ọ̀dá, èyí di mẹ́tàlá."

"O ò mọ̀ ọ́n kà ni."

"Ẹ kà á fúnra yín."

Ó kà á. A dé ogún. A dé ọgbọ̀n. Ní ogójì, ó dúró. Gbogbo irun ọwọ́ rẹ̀ ló ti dìde, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà wá o. Ṣùgbọ́n inú wa ń dùn bíi ti ẹni tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, tí kò lè dúró mọ́. A ò gbọ́ fèrè ọkọ̀ mọ́. Ta ló máa rí wa pín níbí?

Ibẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kì í sinmi, a ò gbúròó rẹ̀. Kò sí atẹ́gùn rárá, síbẹ̀ àwọn aṣọ ń wú, wọ́n ń fọn, bí àyà ẹni tó ń sùn. Mo wo ilẹ̀. Kọnkéré ti tán. Koríko tútù la dúró lé.

"Ẹ jẹ́ ká má padà," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ká kọ́kọ́ rí Tata ná."

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Ta. Ta. Ta. Ìró pẹ́ẹ̀gì lórí okùn ni. Ẹnì kan ń sá aṣọ níwájú wa. Tí a bá dúró, òun náà á dúró. Tí a bá rìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú lábẹ́ aṣọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo rí. Méjì kéékèèké, ti Tata ni. Méjì tó kù, ẹsẹ̀ àgbà ni.

Bọ̀ọ̀dá fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọbìnrin kan ló dúró níbẹ̀, á tó ọmọ ogún ọdún. Ó di Tata lọ́wọ́ mú. Èjí wà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ìyá wa. Ojú rẹ̀ wú, bí ẹni tó ti sunkún pẹ́. Ó wò mí, ó wo Bọ̀ọ̀dá.

"Ta lẹ̀yin?" Bọ̀ọ̀dá béèrè.

Tata ló dá a lóhùn. "Àǹtí wa ni. Ṣé ẹ ò dá wọn mọ̀ ni?"

Kí a tó sọ̀rọ̀, ìró pẹ́ẹ̀gì tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọmọbìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbi tí a ti lè rí i. Ní ọ̀ọ́kán, àwọn aṣọ ń kúrò lórí okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń ká wọn. Ibi tí aṣọ bá ti kúrò, a ò rí koríko níbẹ̀, a ò rí ojú ọ̀run.

"Ẹ sáré!" ọmọbìnrin náà pariwo. "Ẹ má wẹ̀yìn!"

A sáré! Aṣọ ń gbá wa lójú, Tata ń fò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ń ké, Bọ̀ọ̀dá ń hó bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ta-ta-ta-ta, lẹ́yìn wa gan-an. Lójijì, kọnkéré gbígbóná jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ bú sí ariwo.

Màmá Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérí ìbàdí.

"Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí! Àlejò dé, eré lẹ̀ ń ṣe."

"Mẹ́rin, mà?" mo ní.

"Àbí mélòó ni yín?" Ó pòṣé, ó wọlé.

Mo wẹ̀yìn wò. Okùn méjìlá. Ògiri.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ń mu omi nínú ilé. Bó ṣe rí ọmọbìnrin náà, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, agídí ẹ pọ̀. Mo rí lẹ́tà ẹ gbà. O ní o ti ríṣẹ́ nílé ìwòsàn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pín àwọn àbúrò ẹ."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó wojú wa. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣáà fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Bàbá náà fọwọ́ nu ojú. "Ta ni mo wá fẹ́ kó lọ nígbà náà?"

Òfìfo ni ọkọ̀ rẹ̀ padà. Tata fò títí ó fi ṣubú lulẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gbé mi yí po láàárín ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Wọn ò pín wa! Wọn ò pín wa!"

Àǹtí gba yàrá kan tó ní fèrèsé méjì. A wọ bàtà. A padà sílé ìwé. Bí oṣù mélòó kan ti kọjá, Bọ̀ọ̀dá bi mí pé ṣé mo rántí ọjọ́ tí Àǹtí pọn òun lọ sílé ìwòsàn nígbà tóun wà ní kékeré. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi nìkan ló kù tó rántí pé àwa mẹ́ta la jẹ́.

Àǹtí máa ń sọ pé ọwọ́ òsì ni ìyá wa fi ń lọ aṣọ. Ìyá wa ò lo ọwọ́ òsì rí. Nígbà mìíràn, á ṣèèṣì pe Tata ní orúkọ kan tí a ò gbọ́ rí, á sì yára pa ẹnu mọ́.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí n tó lè bi í. Ewú ti wà lórí rẹ̀. Ó ń gé àlùbọ́sà nínú kíṣìnnì mi, àwa méjì nìkan ló wà nílé.

"Àǹtí, lọ́jọ́ yẹn, níbo lẹ ti wá?"

Ọ̀bẹ dúró. Kò gbójú sókè.

"Mò ń wá àwọn àbúrò mi ni," ó ní. "Wọ́n ti sá wọ àárín aṣọ látàárọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n."

"Ṣé ẹ rí wọn?"

Ìgbà náà ló tó wò mí.

"Ẹ̀yin ni mo rí."