Imú Ẹ́ńjìnnì

"Ta ló gun ọ̀kadà yìí kẹ́yìn kí Bàbá Muzammil tó gbé e jáde?"

Fágbèmí mẹkáníìkì ló béèrè. Àwọn ẹbí tó yí i ká lójúde ilé Jímọ́ọ̀ ní Aráròmí ń wò ó bí ẹni wo olè. Muzammil, ọmọ Jímọ́ọ̀, tẹjú mọ́ iyanrìn.

"Ìwọ lo tún ẹ́ńjìnnì ṣe," ni Moríkẹ́, àbúrò Jímọ́ọ̀, wí. "Ọ́ìlì tú, ó ta sí táyà ẹ̀yìn, ọ̀kadà yọ̀ lórí afárá pákó. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. O wá ń béèrè ẹni tó gùn ún?"

"Rọ́bà tí mo fi dá ọ́ìlì dúró, tuntun ni, Àǹtí. Kì í ṣàdédé fò yọ."

"Ẹsẹ̀ náà kò ṣàdédé gé."

Wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọ̀kadà náà. Wọ́n gba àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó fi ìlú sílẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Muzammil mọ èsì ìbéèrè náà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìjàǹbá, ó gun ọ̀kadà náà jáde, òkun sì ya bo ọ̀nà. Waliyullah ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lódì kejì, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ọ̀kadà bàbá rẹ ló ń bẹ̀rù omi ni, àbí ìwọ gan-an?"

Muzammil wo ẹ́ńjìnnì yíká. Ó rí rọ́bà tín-ín-rín kan tó lanu sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì rò pé ibẹ̀ lomi yóò gbà wọlé. Ó gé díẹ̀ lára fóòmù búlúù tó ń mú àwọ̀n bàbá rẹ̀ léfòó, ó fi dí ẹnu rọ́bà náà pinpin. Ó fà á sókè, ó fi òwú àwọ̀n so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Ó la omi já. Waliyullah pàtẹ́wọ́ fún un. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn débi pé kò tú u mọ́. Òwú àwọ̀n sì pọ̀ lára gbogbo ọ̀kadà etíkun; kò sẹ́ni tó fiyè sí ọ̀kan tó lé sí i.

Ẹ̀yìn ìjàǹbá ló rántí ohun tí Fágbèmí máa ń wí ní ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ́ńjìnnì ń mí. Rọ́bà tín-ín-rín yìí ni imú rẹ̀. Èémí tó ń rú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti rọ́bà tó dá ọ́ìlì dúró yọ."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, Muzammil rò ó, wọn á ní èmi ni mo gé ẹsẹ̀ bàámi. Ó dákẹ́.

Ó wà ní èbúté nígbà tí Fágbèmí àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, tàwọn tọmọ ọwọ́. Fágbèmí rí i. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bẹ nílùú yìí," ló wí. "Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ẹni dákẹ́." Ọkọ̀ gbéra.

Nígbà tí wọ́n gbé Jímọ́ọ̀ dé láti ọsibítù, wọ́n fi í jókòó sójúde. Ọ̀kadà fara ti ògiri níwájú rẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò ti ń kọjá lára rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Muzammil. Ta ló so èyí?"

"Bàámi, òwú lásán ni."

"Mo rí i pé òwú ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta kókó rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ni mo kọ́ ní àwọ̀n híhun nínú ilé yìí. Tú u."

Muzammil bẹ̀rẹ̀ sí í tú u; ojú bàbá rẹ̀ bọ́ sára fóòmù àwọ̀n tó dí ẹnu rọ́bà náà. Bàbá rẹ̀ kò gbóhùn sókè.

"O dí ẹ́ńjìnnì nímú, ó gba ibòmíràn tú. O dí ẹnu ara rẹ, ó tú lé Fágbèmí lórí. Àìmọ̀ lo fi gé ẹsẹ̀ mi, ọmọ mi. Mo lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ tí o dákẹ́ tí wọ́n fi lé aláìṣẹ̀ lọ, o mọ̀ ọ́n kí o tó ṣe é."

Kókó náà tú. Muzammil tẹ ẹnu rọ́bà. Fóòmù búlúù náà bọ́ sórí iyanrìn, láàárín ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún bàbá rẹ̀ àti ibi tí èkejì ì bá wà.